Ohùn Tí Ọkọ̀ Ń Sọ Kí Wọ́n Tó Pe Mẹkáníìkì

Ọkọ̀ tó bá kọ̀ tí kò sítáàtì ní Ọjà Balógun nígbà tí ọjà ń tú kì í fún ẹni tó ni ín láyè láti ronú, nítorí pé èrò tó ń rọ́ gba òpópónà Broad àti òpópónà Nnamdi Azikiwe lọ sí Ìdúmọ̀tà kò ní dúró dè é, àwọn òṣìṣẹ́ LASTMA, ìyẹn àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti máa bójú tó lílọ bíbọ̀ ọkọ̀, lè fa ọkọ̀ tó bá dí ọ̀nà lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ìkánjú yìí ló ń mú kí wọ́n ra bátìrì tuntun fún ọkọ̀ tó jẹ́ pé wáyà rẹ̀ kan ló tú, tàbí kí wọ́n tú fúùlù pọ́ńpù ọkọ̀ tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló ní àléébù. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fara sin rárá. Ìró tó bá jáde nígbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, tàbí àìsí ìró náà, ti tọ́ka sí ibi tí ìṣòro wà kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, ẹni tó bá sì lè dá àwọn ìró wọ̀nyí mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn kò ní sanwó ohun tí kò bàjẹ́.

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ́ńjìnì tó ń lo epo bẹntiróòlù ń fẹ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́: epo, atẹ́gùn, àti iná kékeré tí pílọ́ọ̀gì ń ṣá láti fi sun epo àti atẹ́gùn náà pọ̀. Ṣùgbọ́n kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pàdé, ohun kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnì náà láti òde wá. Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, pẹ̀lú irin kan tí wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀, irin náà a sì máa ta padà nígbà mìíràn débi pé yóò dá ènìyàn lápá. Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ló ṣe ẹ̀rọ oníná tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn, Cadillac ti ọdún 1912 ló sì gbé e dé ọjà. Láyé ìgbà náà, W.A. Dawodu, oníṣòwò ọmọ Èkó, ti ń ta mọ́tò ó sì ń tún un ṣe ní ìlú yìí, èyí tó fi hàn pé ìmọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe àlejò ní erékùṣù Èkó. Ẹ̀rọ oníná náà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíìkì sítátà lónìí. Bátìrì ló ń fún un lágbára, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá sì ti gbiná, ọ́tánétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tí bátìrì ná padà fún un. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ tí kò sítáàtì pín sí: bóyá ẹ́ńjìnì kò yí rárá, tàbí ó ń yí ṣùgbọ́n kò gbiná. Ẹni tí kò bá tíì mọ èwo nínú méjèèjì ni ọkọ̀ òun ń ṣe kò tíì ní ohun kan tí yóò sọ fún mẹkáníìkì.

Ẹ́ńjìnì tí kò yí ló wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ àwọn ọlọ́jà, bí wọ́n sì ṣe ń lo ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ ló ń fà á. Oníṣòwò aṣọ tó ń gbé ní Ìkòròdú tàbí ní Festac ní láti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ó lè ríbi gbé ọkọ̀ sí ní Apọ́ngbọ̀n, ní Marina tàbí ní ẹ̀bá òpópónà Adeniji Adele, iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì wà ní títàn bó ṣe ń gun Afárá Third Mainland tàbí Afárá Èkó bọ̀. Nígbà tó bá fi dé, ojú ọjọ́ ti mọ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ náà kò hàn mọ́, àwọn alábàárù ti ń dúró dè é, kò sì ṣòro kí ó ti ilẹ̀kùn kí ó sì máa lọ láìpa iná. Ìṣirò ohun tó máa tẹ̀lé e kò le. Iná iwájú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 55 wáàtì ń fa nǹkan bí áńpíà 9 lára bátìrì fóòtì 12, bátìrì ọkọ̀ kékeré bíi Toyota Corolla kì í sì í sábà gbà ju áńpíà 45 sí 60 lọ fún wákàtí kan, èyí tó túmọ̀ sí pé bátìrì tó kún dáadáa ní agogo mẹ́fà àárọ̀ yóò ti gbẹ kí oòrùn ọ̀sán tó rọ̀. Àwọn iná kéékèèké tí wọ́n ń tàn fún ìdúró nìkan ń fa tó áńpíà 2. Fún wákàtí 12, ìyẹn jẹ́ 24, ó sì ti lé ní ìdajì agbára bátìrì kékeré. Bátìrì tuntun lè fara da èyí lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ti gbó kò lè fara dà á rárá.

Ìrìn alẹ́ kì í sì í tún ohun tí ọ̀sán bàjẹ́ ṣe. Ọ́tánétọ̀ kì í pèsè iná tó pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń rọra yí lójú kan, bẹ́ẹ̀ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí Afárá Èkó ní alẹ́ ni ìgbà tí awakọ̀ ń tan ẹ̀rọ amúlétutù, iná iwájú, rédíò àti ṣájà fóònù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló ń ṣẹ́kù tí yóò wọ inú bátìrì. Ooru tún ń bẹ níbẹ̀. Ooru ń fa omi inú bátìrì gbẹ, ó sì ń jẹ àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, ìdí nìyí tí bátìrì fi ń tètè gbó ní Èkó ju ìlú olótùútù lọ, tó sì fi yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí èyí tó bá ti lé ní ọdún 3. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti orí ọ̀sà àti òkun ní iyọ̀ àti ọ̀rinrin nínú, kò sì sí irin tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kì í mú lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìró ló kàn. Bí ọkọ̀ bá ń dún tá-tá-tá-tá léraléra tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣẹ́jú, agbára bátìrì kò tó: irin kan wà nínú kíìkì sítátà tí iná bátìrì ń fà mọ́ra kí ọ̀nà lè ṣí fún agbára ńlá, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti ń ṣí ni agbára bátìrì tí kò kún yóò já wálẹ̀, irin náà á jábọ́, bátìrì á tún gbé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí wọn yóò fi dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún, kọ́, tí ìró náà le tí iná kò sì ṣẹ́jú, kíìkì sítátà ló yẹ kí wọ́n fura sí, pàápàá kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó máa ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fi orí sípánà gbá ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń yí kọ́kọ́rọ́, ó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i, èyí tó tó láti gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ réwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́jú. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìlọ́ra bí ẹni pé yóò dúró, bátìrì ti fẹ́ tán tàbí orí rẹ̀ ti dọ̀tí. Bí gbogbo iná inú ọkọ̀ bá kú tí ohunkóhun kò dún, wáyà ti tú kúrò lórí bátìrì tàbí bátìrì ti kú fínfín. Bí iná bá sì mọ́lẹ̀ rokoso ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ dákẹ́, ó dára kí awakọ̀ kọ́kọ́ wo gíà: ọkọ̀ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀ kì í sítáàtì àfi bí gíà bá wà lórí P tàbí N, ohun kékeré tó ń sọ fún ọkọ̀ pé gíà ti wà níbẹ̀ sì máa ń gbó, nítorí náà èyí tó kọ̀ lórí P lè dáhùn lórí N. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀ kò ní dáhùn bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí bíréèkì, bí bátìrì kékeré inú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá sì ti kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì máa ń dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀ bí wọ́n bá gbé e sún mọ́ bọ́tìnì gan-an.

Ariwo Balógun máa ń bo àwọn ìró wọ̀nyí mọ́lẹ̀, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ ń bú níwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń polówó ọjà sì gbé gbohùngbohùn lọ́wọ́. Níbi tí etí kò bá ti lè ṣe é, ojú lè ṣe é. Kí awakọ̀ tan iná iwájú ọkọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè bá ògiri tàbí ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì, kí ó wá yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni fẹ́ lọ, kí ẹnì kan sì máa wo ojú ìmọ́lẹ̀ náà. Bí ó bá pọ́n rúsúrúsú tàbí tó kú, agbára bátìrì kò tó tàbí kò rí ọ̀nà kọjá. Bí kò bá yí padà rárá tí ẹ́ńjìnì kò sì yí, a jẹ́ pé agbára kò dé ọ̀dọ̀ kíìkì sítátà tàbí kíìkì náà ló ní àléébù, ìṣòro wà lára kọ́kọ́rọ́, fíúsì, ríléè, gíà, wáyà kíìkì tàbí kíìkì fúnra rẹ̀, bátìrì tuntun tí wọ́n bá sì lọ rà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn yóò dákẹ́ bí ti àtijọ́ ṣe dákẹ́. Àyẹ̀wò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀: bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn nígbà tí wọ́n ti pa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, èyí tó bá wà ní 12.0 ti fẹ́ gbẹ, èyí tó bá já sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí kíìkì ń yí ẹ́ńjìnì kò lágbára mọ́, bí ẹ́ńjìnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́ tí mítà kò dé 13.5, ọ́tánétọ̀ kò dá ohun tó tó padà, bátìrì kankan kò sì ní pẹ́ nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra bátìrì, ó yẹ kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó sì wo orí èyí tó wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù yí irin orí bátìrì ká jẹ́ ìpàdé ásíìdì, òjé, bàbà àti ọ̀rinrin, iná kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí iná rédíò ń fẹ́ lè kọjá, èyí tó máa ń tan awakọ̀ jẹ láti rò pé wáyà dára. Bí wọ́n bá di irin náà mú tí ó sì yí sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́, kò dè tó. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú ti àmì àyọkúrò, lẹ́yìn náà ni ti àmì àròpọ̀, kí sípánà má baà so ara ọkọ̀ àti bátìrì pọ̀. Wọ́n á da omi gbígbóná tí wọ́n ti po sódà ìyan búrẹ́dì mọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí ìhó rẹ̀ yóò fi dáwọ́ dúró, wọ́n á fi ìwé ìfági ha irin náà títí yóò fi dán, wọ́n á dè é padà gírígírí, wọ́n á sì fi fasilíìnì pa á lójú kí atẹ́gùn ọ̀sà má tún tètè débẹ̀. Wáyà áàsì, ìyẹn èyí tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnì, yẹ fún irú àyẹ̀wò kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn lórí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà yìnyín ní àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, iyọ̀ yẹn sì ti jẹ wáyà áàsì wọn láti ìsàlẹ̀ wá kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Bí ó bá dájú pé bátìrì ló gbẹ, wáyà jọ́ńpà àti ọkọ̀ kejì tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ fóòtì 12 yóò yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò wà fún un. Wáyà pupa ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi sí àmì àròpọ̀ ti bátìrì tó kú, lẹ́yìn náà sí àmì àròpọ̀ ti èyí tó dára. Wáyà dúdú yóò wá lọ sí àmì àyọkúrò ti èyí tó dára, ìdí rẹ̀ kejì yóò sì lọ sí irin kan lára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì, nítorí pé iná máa ń ta pàrà níbi tí wọ́n bá parí sí, bátìrì sì lè máa tú gáàsì haidirójìn tó ń gbiná jáde. Èyí kì í ṣe àpọ̀jù ìṣọ́ra ní àdúgbò yìí. Iná ńlá jó ní Balógun ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, òmíràn tún jó níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ínní ọdún 2020, aṣọ àti ṣọ́ọ̀bù sì súnmọ́ra débi pé iná kékeré kan kì í pẹ́ di tìlú. Kò yẹ kí wọ́n so wáyà jọ́ńpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀.

Àṣà méjì kan wà tó yẹ kí awakọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti yíyọ bátìrì tó dára kúrò nínú ọkọ̀ kan nígbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè fi sítáàtì ọkọ̀ mìíràn, tàbí títú orí bátìrì láti fi wò bóyá ọ́tánétọ̀ dára. Láyé Peugeot 504, ọkọ̀ lè fara dà á. Ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, bátìrì ló sì ń gba ìfọ́nsókè iná láti ọ̀dọ̀ ọ́tánétọ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ìfọ́nsókè náà lè sun kọ̀ǹpútà yìí, owó rẹ̀ sì lè ra bátìrì mẹ́ta. Ìkejì ni pípe àwọn alábàárù láti wá ti ọkọ̀ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ onígíà ọlọ́wọ́ lè sítáàtì bẹ́ẹ̀, nítorí pé táyà rẹ̀ lè yí ẹ́ńjìnì gba inú gíà kọjá, ṣùgbọ́n nínú gíà tó ń yí fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnì ló ń ti òróró tó ń so méjèèjì pọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì kò bá sì yí, kò sí ohun tó so táyà mọ́ ọn. Wọn yóò tì í títí dé Èbúté Èrò, kò ní dáhùn.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí dáadáa ṣùgbọ́n tí kò gbiná, bátìrì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, epo tàbí iná pílọ́ọ̀gì ló kù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá epo wà nínú táǹkì, nítorí pé kò yẹ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ atọ́ka epo inú tòkunbọ̀ gbọ́ láìwádìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí iye owó lítà kan ní Èkó sì fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ra ìwọ̀nba epo tó lè gbé wọn dé ilé nìkan. Ìnira yẹn dé ara ọkọ̀ náà: inú táǹkì ni fúùlù pọ́ńpù wà, epo tó yí i ká ló sì ń mú un tutù, nítorí náà ọkọ̀ tí epo rẹ̀ kì í kúrò nísàlẹ̀ ń mú kí pọ́ńpù gbóná, kí ó sì máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì, pọ́ńpù náà a máa hùn lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ Toyota, kì í hùn àfi bí ẹ́ńjìnì bá ti ń yí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ nìkan kò sì tó fún ẹnikẹ́ni láti dá a lẹ́bi. Epo fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ ayédèrú. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ tó ń ṣàkóso epo ní Nàìjíríà kéde pé epo kan tí wọ́n kó wọlé ní methanol, irú ọtí kan tí kì í ṣe mímu, ju ìwọ̀n tí ìlú fọwọ́ sí lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì dúró sójú ọ̀nà lásìkò yẹn láìṣẹ̀ láìrò.

Bí iná kékeré tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí, ọkọ̀ kò dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀, kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà nílé sì lè jẹ́ òògùn rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá pa ara rẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ nígbà tó gbóná, tó kọ̀ fún wákàtí kan, tó sì dáhùn nígbà tó tutù, sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ibi tí mẹkáníìkì lè fi ẹ̀rọ ìwádìí sí láti ka àṣìṣe tó wà, kò sì sí ìdí láti fi ìméfò yọ ohunkóhun kí wọ́n tó ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá ń yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kíákíá, bí ohun tí kò ní ẹrù kankan, táímìn bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì tó ń mú kí àwọn irin rẹ̀ máa yí ní ìbámu pẹ̀lú ara wọn, lè ti já. Toyota Sienna ti ọdún 1998 sí 2006 ń lo irú bẹ́líìtì yìí, nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan tó ń lò ó, yíyí kọ́kọ́rọ́ sí i lẹ́yìn tó bá ti já sì lè tẹ àwọn irin inú rẹ̀.

Ti omi ló le jù. Nígbà tí òjò oṣù Kẹfà àti Keje bá pàdé omi ọ̀sà tó ga, àgbàrá kì í rí ibi lọ láti àwọn òpópónà erékùṣù, ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ láàárọ̀ sì lè wà nínú omi títí di ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá ti ga dé ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí, kí ẹnikẹ́ni má yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nítorí pé atẹ́gùn ṣe é fún pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì, omi kò ṣe é fún, irin tó ń tì í yóò sì tẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì, kí wọ́n ṣí àpótí fílítà atẹ́gùn. Bí fílítà bá gbẹ, omi kò dénú. Bí ó bá tutù, kí wọ́n yọ gbogbo pílọ́ọ̀gì kí mẹkáníìkì tó yí ẹ́ńjìnì láti ti omi jáde, kí wọ́n sì fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì tó bá ti funfun bíi tíì onímílíìkì ti dà pọ̀ mọ́ omi, wọ́n gbọ́dọ̀ dà á nù pátápátá, kí wọ́n sì pààrọ̀ fílítà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tún sítáàtì ọkọ̀ náà, kódà bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni yóò gbé e kọjá Afárá Carter ní alẹ́ ọjọ́ náà.